Ohun Tí Octavia Sọ Lórí Afárá

Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìfẹ́ tí wọ́n ti ń jó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó yáa kọjá lọ́dọ̀ mi. Àwọn tèmi náà jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lóòótọ́, ṣùgbọ́n n ò rántí ẹni tó jó. Èmi Clémence ni mo ṣe alárinà wọn. Orúnkún mi yìí ló gun òkè ilé Octavia lọ, òun náà ló sọ̀ ọ́ bọ̀, nítorí náà bí mo bá ń sọ ọ́, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi. Òkun ló wà láàárín èmi àti ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ò lè bá Velda pàdé lọ́nà ọjà kí ẹ wá tú u sí i létí. Ìdí tí mo fi lè sọ ọ́ fún yín nìyẹn.

Lẹ́nu afárá odò Zabriko ni mo ti ń ta tíì kòkó àti súìtì àgbọn. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ńlá bá gúnlẹ̀ ní Roseau, olú ìlú erékùṣù wa, tó tú àwọn àlejò rẹ̀ dà sí èbúté, bọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wá bá wa. Àwọn àlejò á sọ̀ kalẹ̀, wọn á ya fọ́tò, wọn á ní tíì mi ti gbóná jù, amọ̀nà wọn á sì pa ìtàn fún wọn kí wọ́n tó máa lọ síbi omi gbígbóná. Kò sí amọ̀nà tí kò ní irọ́ tirẹ̀. Ọ̀kan á ní àwọn olè orí òkun ri wúrà mọ́ ìsàlẹ̀ odò wa. Òmíràn á ní ẹni tó bá fi omi náà bọ́jú, ìbejì ni yóò bí. Mo rí arúgbó kan tó ń bọ́jú tó ń tún un bọ́, tí ọkọ rẹ̀ ń fà á lẹ́wù sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Àlejò mọ̀ pé irọ́ ni, àwa náà mọ̀, ọjà sì ń tà.

Garvin, ọmọ tí mo gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsàmì rẹ̀, wà lára àwọn amọ̀nà yìí. Nennen ló ń pè mí, bí gbogbo ọmọ ilẹ̀ wa ṣe ń pe ìyá ìsàmì wọn. Bọ́ọ̀sì funfun kan ló ń wà, òun náà ló sì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ láti èbúté títí dé orí òkè láìmú omi. Ẹnu ọmọ náà dùn. Tó bá ní kí o wá ra òjò lọ́wọ́ òun, wàá gbé garawa dání.

Níbi omi gbígbóná ló ti pàdé Velda. Iṣẹ́ Velda ni láti máa fún àwọn àlejò ní táwẹ́ẹ̀lì bí wọ́n bá ti ń jáde nínú omi. Lọ́jọ́ náà, Garvin dúró láàárín àwọn èrò rẹ̀, ó nawọ́ sí omi tó ń hó, tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ó ní:

“Ẹ wò ó dáadáa o. Ìyá àgbà tó bá wọ inú omi yìí, á ti di ọmọge kó tó jáde.”

Ohùn kan ti ẹ̀yìn wá. “Ìyá tìẹ ńkọ́? Ṣé ó ń bẹ̀rù omi ni?”

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Garvin yíjú padà. “Ta nìyẹn?”

“Èmi tí mò ń nu àwọn tó wọlé tí wọ́n jáde láìyí padà,” ni Velda wí, ó sì ju táwẹ́ẹ̀lì kan lù ú láyà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Garvin dé ọ̀dọ̀ mi, kò lè jókòó.

“Nennen, mo ti kú.”

“Ta ló pa ẹ́ tí o fi ń rẹ́rìn-ín?”

“Velda. Ọmọ Ma Octavia.”

Mo gbé ìkòkò tí mò ń fọ̀ sílẹ̀. “Háà! Nínú gbogbo ọmọbìnrin tó wà lórí ilẹ̀ yìí, Garvin, ọmọ Octavia lo lọ rí?”

Ẹ jẹ́ n sọ ti Octavia. Lọ́dún tí ìjì ńlá jà wá, odò Zabriko kún, ó gbá àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀ lọ pátápátá. Nínú òkùnkùn òru ọjọ́ náà, Octavia fi apá kan rọ̀ mọ́ igi bẹrẹfúútù, ó fi apá kejì gbá àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Velda, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá, nìkan ló kù lápá rẹ̀. Jonel, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, odò ti gbé e lọ. “Odò já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́.” Ohun tó sọ fún fadá nìyẹn, ohun tó sọ fún gbogbo wa náà nìyẹn, a ò sì bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í bi ara wa ní ọ̀rọ̀ ìjì ọdún yẹn. Kò sí ilé tí kò ní tirẹ̀. Octavia kọ́ ilé mìíràn sórí òkè, kò sì gba orí afárá náà kọjá mọ́. Tó bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀nà ẹ̀yìn òkè tó jìn ló ń gbà.

Garvin ò gbọ́ ìkìlọ̀. Tí ọkọ̀ ńlá bá ti fọn fèrè, tí òun náà bá ti kó àwọn àlejò rẹ̀ padà sí èbúté, á sáré gòkè padà wá gbé Velda lọ sílé. Àyè iwájú bọ́ọ̀sì di ti Velda. Àkókò ọkọ̀ ńlá tán, òjò dé, Garvin ṣì ń gun òkè náà láìní èrò kankan lẹ́yìn. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: “Garvin, èló lò ń gbà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́?”

Velda fẹ́ràn rẹ̀, n ò ní purọ́. Èmi fúnra mi rí i bó ṣe ń tún irun rẹ̀ ṣe tó bá ti gbọ́ ohùn bọ́ọ̀sì yẹn. Ṣùgbọ́n tí Garvin bá ti ní òun fẹ́ lọ rí Octavia, ojú Velda á yí padà.

“Rárá.”

“Kí ni mo ṣe?”

“O ò ṣe nǹkan kan. Tí Màmá bá kọ̀, mi ò ní lè bá a jiyàn. Ó sàn kí n má tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ rárá.”

“O kì í ṣe ọmọdé mọ́, Velda.”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí.”

Lọ́jọ́ kan tí òjò sé wọn mọ́ inú bọ́ọ̀sì, Garvin yọ ọ́ lẹ́nu títí. Ni Velda bá sọ fún un ohun tí kò sọ fún fadá rí. Velda fúnra rẹ̀ ló tún un sọ fún mi lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan ti bàjẹ́.

“Odò kọ́ ló já Jonel gbà,” ó ní. “Apá kan ò lè gbé àwa méjèèjì. Mo mọ̀ ọ́n lára bí apá Màmá ṣe tú kúrò lára Jonel, tó wá fún mọ́ mi. Ó jù ú sílẹ̀ kó lè rí mi dì mú. Kò mọ̀ pé mo mọ̀. Àbúrò mi ni wọ́n fi rà mí, Garvin. Ẹni tí wọ́n rà ní iye yẹn, ṣé ó tún lẹ́nu láti sọ pé ọkọ báyìí lòun fẹ́?”

Garvin gbá a mọ́ra, ó bá a sunkún. Òótọ́ ni ẹkún náà, n ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ńlá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá, mo gbọ́ ohun tuntun lẹ́nu rẹ̀ lórí afárá.

“Abẹ́ ibi tí ẹ dúró sí yìí gan-an,” ó ń wí fún wọn, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, “ni ìyá kan ti rọ̀ mọ́ igi pẹ̀lú ọmọ méjì, nígbà tí omi ń gbé gbogbo ilé lọ. Apá rẹ̀ ò gbé méjèèjì. Ó ní láti ju ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ bi ara yín léèrè, èwo lẹ̀yin máa jù?”

Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò. Obìnrin onírun funfun kan di irin afárá mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Igi àti ọmọ méjì, gbogbo wa mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n jíju ọ̀kan sílẹ̀, èmi rò pé irọ́ tó fi kún un ni, bíi ti wúrà àwọn olè. Mo fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Irọ́ tòní yìí burú o. Gbogbo wọn gbàgbé tíì mi, ó ti tutù.”

Garvin ò rẹ́rìn-ín. “Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, Nennen. Àwọn mìíràn ti ń béèrè bọ́ọ̀sì mi ní èbúté nítorí ẹ̀.”

Kò sì dákẹ́. Jálẹ̀ àkókò yẹn, tó bá ti dé orí afárá, ó ń sọ ọ́.

Àárín àkókò yẹn náà ni Velda gbà níkẹyìn kí Garvin rán mi sí Octavia. Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó òtílí sínú abọ́.

“Clémence! Kí ló gbé ẹ gòkè? Orúnkún ẹ yìí ò kúkú dáa.”

“Mo rí òdòdó kan nínú àgbàlá ẹ, mo ní kí n wá béèrè bóyá ó wà fún jíjá.”

“Ta ló fẹ́ já a?”

“Garvin, ọmọ mi.”

“Èyí tó ń wa bọ́ọ̀sì? Amọ̀nà?” Ó pòṣé. “Àwọn tó ń fi ẹnu jẹun.”

“Octavia, èwo nínú wa ni kì í fi ẹnu jẹun?”

Ẹ̀rín fẹ́ mú un, ó gbé e mì. “Ọmọ kan ṣoṣo ló kù mí kù. Lọ wá òdòdó lágbàlá ẹlòmíràn.”

Nígbà tí mo sọ fún Velda, kò sunkún. Ó ní, “Mo ti mọ̀,” ó sì lọ ká aṣọ lórí okùn. Garvin ló fẹ́ ya wèrè. Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé, kó lo ọwọ́ rẹ̀. Atẹ́gùn ká páànù ilé Octavia, ó gun orí ilé lọ kàn án. Kókò tó gbó nínú ilẹ̀, ó wà á. Ó gbé omi, ó la igi, kò sì sọ ju “Ẹ káàárọ̀, Ma Octavia” àti “Ó dàbọ̀, Ma Octavia” lọ. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí Octavia tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ fún un. Ó tún pẹ́ kó tó ní kó jókòó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí ló ránṣẹ́ pè mí.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà níbẹ̀. Octavia kọjú sí Garvin.

“Ọmọ mi fẹ́ràn rẹ. Ó rò pé n ò ríran. Màá fún ẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó o ṣèlérí. Ohun tó bá jẹ́ ti inú ilé yìí, kó má sọ̀ kalẹ̀ dé ojú títì.”

Garvin dìde. “Mo gbọ́, mà.”

Ká má parọ́ mọ́ ọn, láti ọjọ́ náà ló ti jáwọ́ nínú ìtàn orí afárá yẹn. Wúrà àwọn olè ló padà sí. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Velda ra aṣọ funfun, ó ń gbé e wò lójú dígí mi nítorí kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí i ṣáájú ọjọ́. N ò tíì rí ọmọ náà kó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí. A fi ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn àkókò ọkọ̀ ńlá, ìgbà tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn á dilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kéèkì dúdú ìgbéyàwó ni èmi àti Octavia ń fà lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ní ọtí tí mo fẹ́ fi rẹ èso ti pọ̀ jù, mo ní fadá fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Velda jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rán etí aṣọ tábìlì. A gbọ́ ẹni tó ń mí gúlegúle gun àtẹ̀gùn bọ̀. Obìnrin onírun funfun ni, ọ̀kan nínú àwọn èrò ọkọ̀ ńlá, òdòdó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti béèrè lójú títì ilé ìyá tí odò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n.

“Ẹ dárí jì mí pé mo wá láìpè,” ó wí fún Octavia. “Ìgbà tí mo wá kẹ́yìn, mo gbọ́ ìtàn yín lórí afárá. N ò gbàgbé ẹ̀ rí. Èmi náà ti sin ọmọ. Mo ní tí ọkọ̀ bá tún gbé mi wá síbí, màá wá sọ fún yín pé ẹ ò ṣẹ̀. Kò sí ìyá tí kò ní ju ọ̀kan sílẹ̀ kó lè gba èkejì là.”

Ó gbá Octavia mọ́ra. Ọwọ́ Octavia kàn rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ohun tí obìnrin náà ṣe, inú rere ló fi ṣe é. Ó gbé òdòdó rẹ̀ lé orí tábìlì, ó nu ojú, ó ní ọkọ̀ òun kì í dúró de ènìyàn, ó sì ń sọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Octavia ti òdòdó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí tábìlì.

“Ta ló ń sọ ọ́ lórí afárá?”

“Garvin,” ni mo wí, nítorí ìgbà náà ni orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

“Ta ló sọ fún Garvin?”

Velda ti dìde. “Èmi ni, Màmá.”

“Ìwọ?” Octavia di etí tábìlì mú. “Ìwọ mọ̀?”

“Mo mọ̀ láti ìgbà náà.”

“Gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ò ń bá mi jẹun, o sì mọ̀.” Ó jókòó sórí àpótí, kò sì dìde mọ́ títí Garvin fi dé nírọ̀lẹ́.

Velda ò jẹ́ kó wọlé, ẹnu ọ̀nà ló ti ká ọ̀rọ̀ obìnrin náà sílẹ̀ fún un.

“Velda, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo búra.”

“Ìyá mélòó ni odò yẹn gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, Garvin?”

“Mo ti jáwọ́. Ọjọ́ tí Ma Octavia ti kìlọ̀ ni mo ti jáwọ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, Nennen!”

“O fi àbúrò mi ṣe ìpanu fún àlejò,” ni Velda wí. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá. “Ìfọkàntán ni mo fi sọ ọ́ fún ẹ. Inú òjò ni mo ti sọ ọ́ fún ẹ. O sì lọ ń béèrè lọ́wọ́ wọn èwo ni kí ìyá mi jù.” Ó bọ́ òrùka àdéhùn wọn, ó fi lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyá rẹ̀. “Màmá, mi ò fẹ́ ọkọ mọ́. Ẹ̀yin lẹ rà mí. Ọ̀dọ̀ yín ni mo máa wà títí ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wa bá kú.”

Èmi ń wo Octavia. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ti obìnrin onírun funfun lọ.

Velda sì ṣe bó ṣe wí. Kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Á fọ aṣọ ìyá rẹ̀, á fọ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, á jókòó tì í bíi nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà síṣẹ́. Kò dá àpárá mọ́. Aṣọ funfun rẹ̀ wà nínú àpótí mi, mi ò mọ ibi tí n ó gbé e sí. Garvin rù. Ó ń wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò mi lọ́jọ́ tí kò síṣẹ́, á ní kí n ṣe nǹkan kan. Mo ní, “Kí ni n ó ṣe? Ẹyin lohùn, o ti jẹ́ kó já bọ́.” Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, mo sì ń bínú sí i, méjèèjì pọ̀ nínú mi.

Octavia ló wá bá mi nílé. Ó ti ọ̀nà ẹ̀yìn òkè wá, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ìgbà wo ni ọkọ̀ ńlá tún ń bọ̀?”

“Ọjọ́bọ̀. Òun ló kẹ́yìn.”

“Sọ fún ọmọ ẹ kó fi àyè méjì sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ẹ̀. Èmi àti Velda.”

“Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe?”

“Ohun tí gbogbo èèyàn ń lọ ṣe. A fẹ́ gbọ́ ìtàn.”

Ní Ọjọ́bọ̀, bọ́ọ̀sì funfun dúró lẹ́nu afárá. Àwọn àlejò sọ̀, fìlà etí fífẹ̀ lórí wọn, Octavia àti Velda wà láàárín wọn. Octavia wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rìn dé àárín afárá, ó di irin mú, ó wo omi ìsàlẹ̀ tí kò ju ìdajì ojúgun lọ lọ́jọ́ náà. Velda dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n máa lọ sílé. Garvin la ẹnu.

“Odò Zabriko nìyí,” ó ní. Ó dúró mu omi.

“Ẹ jẹ́ kí n bá a parí ẹ̀,” ni Octavia wí, ó sì kọjú sí àwọn àlejò. “Amọ̀nà yín mọ ìtàn kan nípa ibí yìí. Ó ti sọ ọ́ fún àwọn tó ṣáájú yín, ṣùgbọ́n ó ṣì í sọ. Èmi ni ìyá inú ìtàn náà. Ó ń wí fún wọn pé mo yàn nínú àwọn ọmọ mi. Ó ní mo ju ọ̀kan sílẹ̀ kí n lè di èkejì mú. Irọ́ ni. Òkùnkùn ni, omi ti bò mí lójú. Jonel ni mo fẹ́ mú. Ọmọkùnrin mi ni, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tí mo rò pé mo jù sílẹ̀, Velda ni. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo tó rí i pé ẹni tí n ò fẹ́ ló kù mí kù.”

Mo gbọ́ bí Velda ṣe wí pé, “Màmá.” Octavia ò wẹ̀yìn.

“Nítorí náà mi ò ra ẹnikẹ́ni,” ó ń bá àwọn àlejò wí. “Kò sẹ́ni tó jẹ mí ní gbèsè. Ìtàn náà parí. Ẹ lè ya fọ́tò.”

Velda bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó kọjá níwájú mi, ojú rẹ̀ gbẹ, ó gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ. Garvin fi bọ́ọ̀sì àti àwọn èrò rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Èmi ni mo bẹ awakọ̀ mìíràn kó wá kó àwọn àlejò padà sí èbúté kí ọkọ̀ wọn tó fi wọ́n sílẹ̀.

Ó wá ku èmi àti Octavia. Mo fi ìbínú gbé ìkòkò tíì mi kalẹ̀.

“Ta ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ létí ọmọ tó bí? Ojú gbogbo ayé! Octavia, kí lo jẹ yó?”

“Irọ́ ni,” ó ní.

“Èwo ni irọ́?”

“Èyí tí mo pa. Jonel wọ ẹ̀wù òtútù, aṣọ Velda ò lápá. Mo mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Mo mọ ẹni tí mo jù sílẹ̀, mo mọ ẹni tí mo dì mú. Velda ni mo dì mú, mo sì mọ̀ pé Velda ni.” Ó jókòó lórí àpótí mi. “Ṣé àwọn amọ̀nà nìkan ló lè purọ́ lórí afárá yìí ni?”

Mo súnmọ́ ọn. “Nítorí kí ni?”

“O ò rí i bó ṣe ń fọ ẹsẹ̀ mi? Ọmọ tí mo fi àbúrò ẹ̀ sílẹ̀ fún odò nítorí kó lè wà láàyè, ó ń sin ara ẹ̀ láàyè sínú ilé mi. Ẹ̀mí ni mo fún un, Clémence, ẹrú kọ́ ni mo rà. Tí mo bá ní kó lọ, kò ní lọ. Tó bá kórìíra mi, á lọ.”

Ó lọ lóòótọ́. Ilé mi ni Velda sùn lọ́jọ́ náà, kò sì padà sí òkè mọ́. Garvin ń wá lójoojúmọ́, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan ni Velda jókòó tì í. Ó ní, “Ìwọ, ó kéré tán, ohun tí mo sọ fún ẹ lo sọ. Òótọ́ tí mo mọ̀ lo sọ.” Bó ṣe dárí jì í nìyẹn, tí a bá lè pè é ní ìdáríjì. Ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀, mo rí i, ṣùgbọ́n kì í tún irun ṣe mọ́ tó bá gbọ́ ohùn bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ tí a ti dá tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Velda ní kí ìyá òun má wá. Àwọn ènìyàn jẹun, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n lọ sílé. Nígbà tí ilé dá, mo gbé kéèkì àti adìyẹ gun òkè. Octavia wà ní ẹ̀yìnkùlé. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló wọ̀.

“Ó wọ funfun?”

“Ó wọ funfun.”

“Ó jẹun?”

“Díẹ̀.”

“Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí àyà ẹ̀ bá ń já. Láti kékeré ni.”

“Octavia, jẹ́ kí n sọ fún un. Mo bẹ̀ ẹ́.”

“Tí o bá sọ fún un, ó máa padà wá.”

“Ṣé o ò fẹ́ kó padà wá ni?”

“Gbèsè ló máa wá san. Mi ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.” Ó gba àwo lọ́wọ́ mi, ó gbé e sílẹ̀ láìjẹ ẹ́. “Má sọ fún un o, Clémence. Bí mo bá tiẹ̀ kú, má sọ.”

Etíkun apá kejì ni wọ́n ń gbé báyìí. Garvin ṣì ń kó àlejò, ṣùgbọ́n ó ti gba amọ̀nà mìíràn tó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Òun kàn ń wa ọkọ̀ ni. Wọ́n ti bí ọmọkùnrin kan, Jonel ni wọ́n sọ ọ́. Èmi ni ìyá ìsàmì rẹ̀. Velda ò gbé e dé òkè rí, bẹ́ẹ̀ ni kò bi mí léèrè nípa ìyá rẹ̀.

Nígbà tí mo ti ibi ìsàmì bọ̀, mo kọjá sọ́dọ̀ Octavia. Ó ti ń dúró dè mí. Ó bi mí bóyá ọmọ náà sanra, bóyá ó ń sunkún púpọ̀, bóyá irun wà lórí rẹ̀. Mo dá a lóhùn gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá ó jọ àbúrò ìyá rẹ̀ tí odò gbé lọ.

Garvin lọmọ náà jọ, imú, etí, gbogbo rẹ̀.

“Ó jọ ọ́,” ni mo wí. “Ó jọ ọ́ gan-an ni.”